Bí ẹ ṣe lè fi ímeèlì polówó ọjà láti Ilé-Ifẹ̀ láìrúfin

Lẹ́yìn Ọlọ́jọ́ ọdọọdún, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ẹnuwá, àwọn aránṣọ Lágere àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU tó ń tajà máa ń bi mí: “Àwọn àlejò tó wá sódún láti Amẹ́ríkà, London àti Kánádà kọ ímeèlì wọn sílẹ̀ fún wa. Ṣé a lè máa fi ìpolówó ọjà ránṣẹ́ sí wọn? Ṣé wọn ò ní pè wá ní ọmọ Yahoo?”

Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmọ́ ní àwọn ìlú kan, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má polówó ọjà. Irọ́ ni òfin dójú sọ: kéèyàn parọ́ nípa ẹni tó kọ̀wé, kó parọ́ nípa ohun tó wà nínú ìwé, tàbí kó dínà mọ́ ẹni tó ní òun ò fẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ló ń dènà.

Ẹni tó ń tajà ni mo kọ ọ́ fún. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ń fi ímeèlì ẹ̀tàn yọ lẹ́nu, ẹ fò lọ sí apá tó gbẹ̀yìn.

## Òfin tó kàn yín

Òfin Nàìjíríà mú yín torí pé ibí lẹ ti ń ṣòwò. Òfin ibi tí oníbàárà ń gbé tún wà lórí rẹ̀.

Nàìjíríà. Òfin ìdáàbòbò dátà (ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, bí orúkọ àti ímeèlì rẹ̀) ti ọdún 2023, tí àjọ NDPC ń bójú tó, sọ pé bí èèyàn bá dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ó tún sọ pé ẹnikẹ́ni lè ní kí ẹ má fi dátà òun polówó ọjà mọ́, nígbàkúùgbà tó bá wù ú. Owó ìtanràn rẹ̀ fún iléeṣẹ́ lè tó ₦2,000,000 tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Fún àwọn iléeṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì nítorí dátà tó wà lọ́wọ́ wọn, ₦10,000,000 ni wọ́n fi rọ́pò ₦2,000,000 yẹn. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2018, tó wà lọ́wọ́ àjọ FCCPC, ka ìpolówó ẹ̀tàn léèwọ̀, yálà lórí pátákó ni o tàbí nínú ímeèlì. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 sì wà: apá 32 rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí ₦1,000,000, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tó bá ń da spam (ìwé tí èèyàn ò béèrè fún) bo kọ̀ǹpútà èèyàn láti fi ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, àti fún ẹni tó ń fi ímeèlì tan èèyàn kó lè rí password rẹ̀ gbà.

Amẹ́ríkà. Òfin CAN-SPAM ti ọdún 2003, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2004. Àjọ FTC ló ń lo agbára rẹ̀. Kò ní kí ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó kọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà tó le lórí bí ìwé náà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ímeèlì kan ṣoṣo tó bá rú u lè fa owó ìtanràn tó lé ní 50,000 dọ́là. Bí ẹni tí ẹ kọ̀wé sí bá jẹ́ oníṣòwò bíi tiyín, òfin náà ṣì mú yín.

Kánádà. Òfin tí wọ́n ń pè ní CASL, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2014. Èyí le ju ti Amẹ́ríkà lọ, torí ẹ gbọ́dọ̀ ní ìyọ̀ǹda ṣáájú. Ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ yín, òfin gbà pé ó ti yọ̀ǹda fún ọdún 2. Ẹni tó kàn béèrè iye tí ẹ ń tà á, oṣù 6 péré. Owó ìtanràn iléeṣẹ́ lè dé mílíọ̀nù 10 dọ́là tiwọn.

London àti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin PECR ti ọdún 2003, lábẹ́ àjọ ICO. Ìyọ̀ǹda ló ń béèrè níbẹ̀ náà. Ẹni tó ti rajà tàbí tó ti dúnàá dúrà pẹ̀lú yín nìkan ni ẹ lè kọ̀wé sí láìgba ìyọ̀ǹda lọ́tọ̀, bó bá jẹ́ irú ọjà kan náà lẹ fẹ́ polówó, tí ẹ sì ti fún un láyè láti kọ̀ nígbà tí ẹ gba àdírẹ́sì rẹ̀.

Ẹni tó bá fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ èèyàn ti kúrò nídìí ọ̀rọ̀ spam o. Òfin 419 ti ọdún 2006 ló máa dá a lẹ́jọ́: ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, kò sì sí pé ó máa fi owó dí i.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ya ti Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ kí ẹ ya ti Kánádà sọ́tọ̀. Èyí tó le jù nínú gbogbo wọn ni kí ẹ fi ṣe ìlànà fún oníbàárà yín gbogbo. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní sí pé ẹ ń wádìí ìlú tí oníkálukú ń gbé kí ẹ tó kọ ìlà kan.

Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ìyà ti máa kọ́kọ́ jẹ yín, torí kì í ṣe FTC ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín. Gmail ni. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google fi lélẹ̀ pé bí àwọn tó ń tẹ “spam” sórí ímeèlì yín bá ti ń tó ẹni 3 nínú 1,000, ìwé yín lè má dé inbox mọ́. Inú àpò spam ni ó lè máa já sí. Ẹ ò ní mọ̀. Ẹ kàn máa rí i pé oníbàárà ò dáhùn mọ́, ẹ ó sì rò pé ọjà ló dá.

## Ìgbésẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

1. Ẹ to àwọn àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ pín wọn sí mẹ́ta: àwọn tó ti rajà, àwọn tó béèrè iye ọjà, àti àwọn tó kàn kọ orúkọ sínú ìwé àlejò tàbí tí ẹ gba káàdì lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba ti ẹnì kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ rẹ̀. Bí ẹ ò bá rántí ọjọ́ náà tàbí bí àdírẹ́sì náà ṣe dé ọwọ́ yín, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹgbẹ́ kẹta ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ yóò ní, “Jẹ́ kí n kọ ìwé kan péré sí wọn, kí n fi béèrè bóyá wọ́n fẹ́.” Ní Kánádà, ìwé ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀, ìpolówó ni òfin kà á sí. Torí náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí wọn yóò fi wá yín wá.

Fún Ọlọ́jọ́ tó ń bọ̀, ẹ ra ìwé kan kí ẹ fa ìlà sí i: orúkọ, ímeèlì, orílẹ̀-èdè, ọjọ́, àti “Mo fẹ́ kí ẹ máa fi ìròyìn ọjà ránṣẹ́ sí mi.” Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ fàlà sí ìlà tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ má bá a fàlà sí i sílẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé náà, òun ni ẹ̀rí yín bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè.

2. Ẹ fi orúkọ tí wọ́n mọ̀ yín sí kọ̀wé.

Orúkọ tó máa hàn níbi “From” gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín tàbí orúkọ yín gan-an. Àdírẹ́sì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́, tí ẹ máa rí èsì tí wọ́n bá kọ sí i.

Ìdẹwò kan wà tó jẹ́ ti Ifẹ̀ níbí. Torí pé ẹ̀gbẹ́ ààfin ni ṣọ́ọ̀bù wà, ẹlòmíràn á kọ “Ààfin Ifẹ̀” tàbí “Ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ọ̀ni” síbi orúkọ, kí àlejò tó wà ní Atlanta lè rò pé ọ̀dọ̀ Kábíyèsí ni ìwé ti wá. Ẹ má dán an wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta bàtà náà, kó má fi orúkọ OAU sí i bí ẹni pé iléèwé ló rán an. Òfin CAN-SPAM ka irú orúkọ ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ tààrà, òfin Nàìjíríà sì ní apá tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

3. Ẹ jẹ́ kí àkọlé ìwé bá inú rẹ̀ mu.

Ìlà “Subject” ni mo ń sọ. Ibi tí ìṣòwò òdodo ti máa ń ṣèèṣì di ẹ̀tàn jù nìyí, torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé òun. Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

- Ẹ má kọ “Re: owó yín tó wà lọ́wọ́ wa” nígbà tí ẹ ò jọ sọ̀rọ̀ owó rí. “Re:” yẹn nìkan, irọ́ ni, torí ó ń sọ pé ẹni náà ti kọ̀wé sí yín ṣáájú. Ẹ kọ “Ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó tuntun ti dé, láti ₦15,000.”
- Ẹ má kọ “Ẹ̀bùn yín ti dé” nígbà tó jẹ́ pé ó dìgbà tí wọ́n bá ra méjì kí wọ́n tó rí ẹ̀bùn gbà. Ẹ kọ “Ẹ ra méjì, ẹ gba ìkẹta lọ́fẹ̀ẹ́.”
- Ẹ má kọ “Òní ló parí” nígbà tí iye náà ò ní yí padà lọ́la. Bí ẹ̀dínwó bá ní ọjọ́ tó máa parí, ẹ kọ ọjọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì dá a dúró lọ́jọ́ náà.
- Ẹ má kọ “Iyùn gidi” sórí ìlẹ̀kẹ̀ oníke. Bó bá jẹ́ ike, ẹ pè é ní ike. Bó bá jẹ́ gíláàsì, ẹ pè é ní gíláàsì. Àwọn kan fẹ́ràn ti oníke torí pé ó fúyẹ́ lọ́rùn, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Kò sídìí tí ẹ fi máa fi orúkọ iyùn bò ó.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò rèé: ẹ ka àkọlé náà fún ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa ọjà yín, kí ẹ bi í léèrè ohun tó rò pé yóò bá nínú ìwé. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà níbẹ̀, ẹ tún un kọ.

4. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé ìpolówó ni.

Òfin Amẹ́ríkà ò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó tó ní kí ẹ lò. Ìlà kan lókè tó: “Ìròyìn ọjà láti ṣọ́ọ̀bù wa ní Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀.”

5. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé ìtajà yín.

Àdírẹ́sì tí ìwé lè dé ni òfin ń béèrè, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù nìkan. Mo mọ̀ pé ojúlé púpọ̀ nílùú wa ni kò ní nọ́ńbà. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí olóòkadà yóò ṣe mọ̀ ọ́n: orúkọ òpópónà, ilé tàbí ilé ìfowópamọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, àdúgbò, Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Nàìjíríà. Ẹ má yá àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Houston kó lè dà bíi pé Amẹ́ríkà lẹ wà, àyàfi tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló ń bá yín gba lẹ́tà níbẹ̀, tí ẹ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí òyìnbó bá ti rí “Nigeria” báyìí, yóò pa ìwé náà rẹ́. Ẹ̀rù yẹn nídìí. Ní 2023, EFCC kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé tí wọ́n ń gbé níta ọgbà OAU, ìròyìn náà sì kàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wá sí Ifẹ̀ ló kọ orúkọ sínú ìwé yín, Ifẹ̀ náà ló sì ti fẹ́ ra nǹkan. Bó bá rí àdírẹ́sì tó fi ibòmíràn hàn, ìgbà yẹn gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

6. Ẹ ṣí ọ̀nà àbájáde sílẹ̀.

Nísàlẹ̀ gbogbo ìwé, kí ìlà kan wà tó sọ bí èèyàn ṣe máa kúrò. Bí ẹ bá ń fọwọ́ kọ ọ́, èyí tó: “Bí ẹ ò bá fẹ́ gba ìròyìn ọjà wa mọ́, ẹ fèsì sí ìwé yìí pé Ẹ DÁWỌ́ DÚRÓ.” Bó bá jẹ́ pé òyìnbó wà nínú oníbàárà yín, ẹ fi ti Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “Unsubscribe” tí ojú gbogbo ayé ti mọ̀. Ẹ má fi lẹ́tà tíńtín kọ ọ́, ẹ má sì fi àwọ̀ funfun kọ ọ́ sórí funfun.

Àwọn ohun tí òfin ò gbà níbí:

- pé kí ẹni tó ń lọ sanwó
- pé kó sọ ìdí, tàbí kó fún yín ní ìsọfúnni mìíràn yàtọ̀ sí ímeèlì rẹ̀
- pé kó ṣe ju kó fèsì tàbí kó ṣí ojú ewé kan ṣoṣo lọ
- pé kí ọ̀nà náà ti dí kí ọjọ́ 30 tó pé lẹ́yìn tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́. Ọjọ́ 60 ni ti Kánádà, nítorí náà ọjọ́ 60 ni kí ẹ̀yin mú.

Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ló lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Oníbàárà tó ní òun ò ṣe mọ́ kò jẹ yín ní gbèsè kankan, ẹ má lóṣòó sínú inbox rẹ̀.

7. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni òfin Amẹ́ríkà àti ti Kánádà fún yín. Ní tèmi, ọjọ́ tí ẹ bá ti rí i ni kí ẹ yọ ọ́, torí ohun téèyàn bá sún síwájú lọ́jà, ó ń gbàgbé ni.

Ẹ má kàn pa orúkọ náà rẹ́. Ẹ gbé e lọ sínú àkọsílẹ̀ kejì tí ẹ pè ní “Má kọ̀wé sí wọn.” Ìdí ni pé bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá tún rí àdírẹ́sì yẹn nínú ìwé àtijọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, yóò tún kọ ọ́ sí i, inú ẹni náà yóò sì bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ta àdírẹ́sì ẹni tó ti ní òun ò fẹ́ mọ́, tàbí kó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. CAN-SPAM ka ìyẹn léèwọ̀.

8. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín ná.

Ẹ kà á lórí fóònù, ẹ tẹ ọ̀nà àbájáde wò, ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà lẹ lè fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn.

## Èwo ni kì í ṣe ìpolówó?

Ìwé tí ẹ fi sọ fún ẹni tó rajà pé owó rẹ̀ ti wọlé, pé ẹrù rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, tàbí pé ìlẹ̀kẹ̀ tó ní kí ẹ sín fún òun ti parí, kì í ṣe ìpolówó. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, kò pọn dandan kí gbogbo ìlànà òkè yìí wà nínú rẹ̀, àyàfi pé orúkọ tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Bí ẹ bá wá fi ìpolówó ṣíwájú, tí ọ̀rọ̀ ẹrù wá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti di ìpolówó nìyẹn.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Kíkó gbogbo àdírẹ́sì síbi “To”. Gbogbo oníbàárà yóò rí ímeèlì ara wọn. Ẹ ti tú àṣírí wọn síta fún ara wọn nìyẹn, òfin dátà sì lè mú yín fún un. Ibi “Bcc” ni kí ẹ kó wọn sí, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi ń ṣe é.

Ríra àkójọ àdírẹ́sì. Àwọn kan ń tà á fún àwọn oníṣòwò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ímeèlì nínú flash kan. Ẹ má rà á. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ yín, kò sí ẹni tó yọ̀ǹda, ẹ ò sì lè fi ìwé kankan hàn fún NDPC bí wọ́n bá bi yín léèrè ibi tí ẹ ti rí i. Wọn ò ní rà lọ́wọ́ yín náà. Spam ni wọ́n máa tẹ̀.

Gbígbé iṣẹ́ fún ọmọkùnrin kan tó “mọ kọ̀ǹpútà” láìwo ohun tó ń kọ. Òfin Amẹ́ríkà ò gba àwáwí pé èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ní ọjà àti ẹni tó bá a fi ìwé ránṣẹ́, àwọn méjèèjì ló lè jẹ́jọ́. Ẹ ka gbogbo ìwé kó tó lọ. Password ímeèlì ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ yín ni kó wà.

Kíkọ̀wé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nígbà tí ọjà tuntun ò dé. Òfin ò sọ iye ìgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sú ló ń tẹ spam.

## Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́

☐ Mo lè sọ bí mo ṣe rí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí mo gbà á
☐ Orúkọ tó wà níbi “From” jẹ́ tèmi
☐ Àkọlé bá inú ìwé mu
☐ Iye ọjà àti ọjọ́ ẹ̀dínwó jẹ́ òótọ́
☐ Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀
☐ Ọ̀nà àbájáde wà, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ wò
☐ Mo ti yọ gbogbo àwọn tó wà nínú “Má kọ̀wé sí wọn”
☐ Ibi “Bcc” ni mo kó wọn sí

## Bí ímeèlì ò bá rọrùn fún yín

Bí oníbàárà yín bá ti lé ní bí àádọ́ta, ẹ wá iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́pọ̀, bíi Mailchimp. Wọ́n á fi ọ̀nà àbájáde sí i fúnra wọn, wọ́n á yọ ẹni tó bá lọ, wọ́n á sì ní kí ẹ kọ àdírẹ́sì yín kí ìwé tó lè jáde. Ẹni tó ń fi tó 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́ ní ìlànà mìíràn tó le jù báyìí lọ láti tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bá yín to SPF, DKIM àti DMARC, àwọn ètò tó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ yín ni ìwé ti wá lóòótọ́.

WhatsApp broadcast náà dára fún ṣọ́ọ̀bù kékeré. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ló máa rí i, nítorí náà ẹni tó mọ̀ yín nìkan lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òfin dátà ti 2023 ò yọ WhatsApp sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dáwọ́ dúró, ẹ dáwọ́ dúró.

Ní ti SMS, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ìpolówó SMS bá ti sú lè kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ló fi í lélẹ̀, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló sì wà lórí rẹ̀.

## Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ń yọ lẹ́nu

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, torí ibi tí ẹ máa gbé e lọ yàtọ̀ síra.

Oníṣòwò gidi tí kò dáwọ́ dúró. Ẹ mọ iléeṣẹ́ náà, ọjà rẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹ sinmi.

1. Ẹ tẹ “Unsubscribe” tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.
2. Bó bá tún kọ̀wé, ẹ fèsì ní ìlà kan pé ẹ ò fẹ́ kó fi dátà yín polówó ọjà mọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 ṣe fún yín láṣẹ.
3. Bí kò bá gbọ́, ẹ fẹjọ́ sun NDPC lórí ndpc.gov.ng. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló pa nípa ọjà tàbí iye rẹ̀, FCCPC lẹ máa kọ sí.

Ẹlẹ́tàn. Ó ní báǹkì yín lòun ti kọ̀wé, tàbí pé ẹ jẹ ẹ̀bùn, ó sì ń béèrè password, BVN tàbí OTP.

1. Ẹ má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀, “Unsubscribe” pàápàá. Ti oníṣòwò gidi ni bọ́tìnnì yẹn wà fún. Bí ẹ bá tẹ ti ẹlẹ́tàn, ẹ fi hàn án pé ẹnì kan ń ka ímeèlì náà ni, líǹkì rẹ̀ sì lè gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti máa gba password yín.
2. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn orúkọ. Lórí fóònù, ẹ tẹ orúkọ ẹni tó kọ̀wé, àdírẹ́sì yóò yọ. Báǹkì kì í fi Gmail kọ̀wé.
3. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, ẹ má pa ìwé náà rẹ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí nílò ìwé náà fúnra rẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ọ̀nà tó gbà wá wà. Àwòrán nìkan ò tó wọn.
4. Ẹ tẹ “Report phishing” tàbí “Report spam” nínú Gmail.
5. Ẹ fi tó ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì létí lórí nccc.npf.gov.ng, tàbí EFCC. Ibàdàn ni ọ́fíìsì EFCC tó ń bójú tó Ọ̀ṣun wà.

Bí owó bá ti lọ, ẹ má tíì wá ọlọ́pàá. Báǹkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa, kí wọ́n sì kọ̀wé sí báǹkì tí owó lọ. Nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè. Ẹ má pe èyí tó wà nínú ímeèlì náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí password padà, ti ímeèlì ṣáájú ti àwọn yòókù, torí inú ímeèlì ni wọ́n ti ń gba gbogbo ìyókù.

Nínú ìwé ẹ̀sùn yín, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀nyí wà:

- ọjọ́ àti aago tí ímeèlì náà dé
- àdírẹ́sì tó ti wá, pẹ̀lú orúkọ tó fi bojú
- ohun tó ní kí ẹ ṣe, àti ohun tí ẹ ṣe
- iye owó, báǹkì, orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì tí owó lọ, bí owó bá lọ
- ọjọ́ tí ẹ ní kó dáwọ́ dúró, bó bá jẹ́ oníṣòwò gidi
- àwòrán ojú fóònù, àti ìwé náà fúnra rẹ̀

Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi sórí ẹ̀sùn yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí ẹ ti lè rí i. Òun lẹ máa dárúkọ nígbà tí ẹ bá padà lọ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.